Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Ara Wọ̀n

Igi ńlá kì í hù ní Greenland. Bí a bá yọ àwọn igi kúkúrú tó ń rápálá ní àfonífojì apá gúúsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpáta, koríko àti yìnyín ni gbogbo ìyókù. Síbẹ̀, àwọn Inuit tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Kalaallit, ń kan ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó pegedé jùlọ láyé, igi sì ni egungun rẹ̀. Láti Siberia ni púpọ̀ nínú igi ọ̀hún ti ń wá. Bí odò ńláńlá bíi Yenisei àti Lena bá kún nígbà tí yìnyín bá yọ́, wọ́n á gé ilẹ̀ etídò jẹ, wọ́n á sì wọ́ igi lọ sínú òkun àríwá. Yìnyín orí òkun á há igi náà mọ́ra, á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kó tó jù ú sí etíkun àwọn tí kò rí igbó rí. Nígbà yẹn, èèpo rẹ̀ ti bó, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá rí i he á fà á kúrò níbi tí ìgbì lè dé, á gbé òkúta lé e lórí. Òkúta yẹn ti tó ìwé ẹ̀rí: igi ti lólówó, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Qajaq ni orúkọ ọkọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó ni ín. Kayak ni àwọn ará Yúróòpù pè é, bẹ́ẹ̀ ni ayé sì ṣe ń pè é títí dòní. Ọkọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Gígùn rẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Awọ ni wọ́n fi bò ó tokè tilẹ̀, àfi ihò kan láàárín tí ẹni tó ń wà á ń jókòó sí. Ọkùnrin kan á dá gbé e kúrò lómi láìpe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kàn án. Ẹran tí wọ́n ń fi í lé ni seal, ẹran inú omi olótùútù tó lọ́ràá, tí awọ rẹ̀ nípọn. Láyé àtijọ́, ẹran yìí ni oúnjẹ wọn, ọ̀rá rẹ̀ ni iná àtùpà wọn, awọ rẹ̀ ni aṣọ wọn. Awọ kan náà ni wọ́n sì ń fi bo ọkọ̀ tí wọ́n á tún fi lọ pa òmíràn.

Ìran ọkọ̀ yìí ti pẹ́. Ní Qeqertasussuk, erékùṣù kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Greenland, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ègé igi jáde ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé egungun ọkọ̀ aláwọ ni. Ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún. Àwọn tó kan ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ará Saqqaq, ti pa rẹ́. Baba ńlá àwọn Kalaallit òde òní gbéra láti Alaska lẹ́yìn wọn, wọ́n tọ etí òkun Kánádà títí wọ́n fi wọ Greenland. Nǹkan bí ọdún 1200 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìrìn àjò náà sí. Oríṣi ọkọ̀ méjì ni wọ́n kó bọ̀. Èkejì ni umiaq, ọkọ̀ ńlá tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí àwọn obìnrin ń wà, tí wọ́n fi ń kó ọmọ, ajá, àgọ́ àti ìkòkò láti ibùdó kan lọ sí òmíràn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí wọ́n ti ń kàn án. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí lónìí, ìbáà ṣe ní Greenland, ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í kọ́kọ́ gbé igi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó dìde dúró, kó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ìnà apá náà lọ́nà mẹ́ta ni gígùn ọkọ̀ rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀, pẹ̀lú ìkúùkù ọwọ́ méjì, ni fífẹ̀ rẹ̀. Jíjìn ihò ìjókòó jẹ́ ìkúùkù kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tí a nà sókè. Àjẹ̀ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀: ìnà apá kan àti ìgbọ̀nwọ́ kan, ojú àjẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè dì mú lọ. Láti abúlé kan sí ìkejì ni ìwọ̀n wọ̀nyí ti ń yàtọ̀. Àwọn kan a máa fi ìka kún un, àwọn mìíràn a máa yọ ọ́. Ohun tí kò yàtọ̀ ni pé ara ẹni tó máa wà á ni òṣùwọ̀n. Nítorí náà ni ọkọ̀ ẹnìkan kì í fi í ṣeé yá ẹlòmíràn bọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó sanra yóò há sínú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí àbúrò bá sì wọ tiẹ̀, yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ní lè fi itan rẹ̀ darí ọkọ̀. Aṣọ ni qajaq ju ọkọ̀ lọ.

Pákó gígùn méjì tó ń sáré láti orí dé ìdí ọkọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ni òpómúléró gbogbo iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá rí àyè, inú igi kan náà ni wọ́n ti ń la méjèèjì, kí wọ́n lè tẹ̀ bákan náà. Bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, ọkọ̀ á wọ́ sápá kan títí ayé rẹ̀. Wọ́n á so orí pọ̀, wọ́n á so ìdí pọ̀, wọ́n á fi igi dábùú wọn láàárín. Ọ̀kan nínú àwọn igi ìdábùú yìí, tí wọ́n ń pè ní masik, a máa tẹ̀ bí ọrun lókè itan ẹni tó jókòó. Òun ni onítọ̀hún ń fi itan tì nígbà tí ìgbì bá fẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀. Lábẹ́ pákó méjèèjì ni wọ́n ń gbẹ́ ihò tóótòòtó sí, ibẹ̀ ni egungun ìhà máa wọ̀.

Títẹ egungun ìhà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rù jù. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ àwọn pákó pẹ́lẹ́bẹ́ náà sínú omi, wọ́n á wá fi ooru omi gbígbóná sè wọ́n títí ara wọn á fi dẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín ìgbà tí igi jáde nínú ooru àti ìgbà tó tún le padà. Láàárín ìyẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó fi orí rẹ̀ kan ihò òsì, kí ó fi ìdí rẹ̀ kan ihò ọ̀tún. Bí ó bá ta kàkà, ó ti dá nìyẹn. Wọ́n á mú òmíràn. Àwọn àgbà Inuit a máa fi eyín gé igi náà jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo gígùn rẹ̀ kí iṣan inú rẹ̀ lè rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ojú eyín sì ṣì wà lára egungun àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ní ilé-ìkọ́ṣẹ́ òde òní, igi óákù tàbí ash tútù ni wọ́n ń lò fún ìhà, kédà sì ni pákó gígùn. Èrò ibẹ̀ a máa dákẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá ń tẹ tirẹ̀, bí ó bá wọlé láìdá, ariwo á sọ.

Kò sí ìṣó níbẹ̀. Èèkàn igi kéékèèké àti okùn ni wọ́n fi ń so egungun mọ́ egungun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà dáadáa lè rò pé àìní irin ló fà á. Àmọ́ irin wá dé, wọn kò fi okùn sílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ìṣó a máa di igi mú gírígírí, ìgbì á wá máa gbọn ojú ìṣó náà títí igi á fi là. Okùn a máa jẹ́ kí ọkọ̀ náà mì díẹ̀. Bí omi bá gbé e, á tẹ̀. Bí omi bá sọ ọ́ kalẹ̀, á nà padà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni igi mẹ́ta ń gbà kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀kan ní àárín gbùngbùn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òrùka igi tó yí ihò ìjókòó ká ló máa ń ya àlejò lẹ́nu: kò kan egungun ọkọ̀ rárá. Awọ nìkan ló gbé e dúró.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọkùnrin parí sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ nípa qajaq ti ń sáré kọjá. Àwòrán egungun ọkọ̀ kún inú wọn, wọ́n wọn gbogbo igun. Nígbà tó bá kan awọ, gbólóhùn méjì, ó parí. Tèmi ni pé ìdajì ọkọ̀ ni wọ́n fò dá yẹn, ìdajì tí ẹ̀mí ọdẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Obìnrin ló ń bó awọ seal, òun ló ń fá ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú ulu, ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù lẹ́, òun ló ń fá irun rẹ̀, òun ló ń mú kó rọ̀ láìjẹ́ kó jẹrà. Awọ mẹ́ta sí márùn-ún ló ń bo ọkọ̀ kan, ó sinmi lórí bí ẹran náà ti tóbi tó. Obìnrin ló ń rán wọn pọ̀, iṣan ẹran ló sì fi ń ṣe òwú.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ awọ àkọ́kọ́ láti inú, ó rìn láàárín ìnípọn awọ náà, kò yọ síta. Ó jáde ní etí, ó wọ awọ kejì bákan náà. Nígbà tó bá rán apá kan tán, ó yí i padà, ó rán etí kejì mọ́ ọn, ihò àkọ́kọ́ àti ihò ìkejì kò sì bá ara wọn pàdé níbì kankan. Omi kò rí ọ̀nà gbà. Iṣan ẹran náà a tún máa wú nígbà tó bá tutù, á dí ihò tó gbà kọjá. Kò sí àyè fún iṣẹ́ wúruwùru níbẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá yọ síta níbì kan ṣoṣo, ìyàwó kò ní mọ̀ lọ́jọ́ tó rán an, ọkọ ni yóò mọ̀, ní ọ̀nà jíjìn sí èbúté, nígbà tí ìdí rẹ̀ bá tutù.

Tútù ni wọ́n ń gbé awọ náà wọ egungun. Àwọn obìnrin a pé jọ, nítorí pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, awọ kò gbọdọ̀ gbẹ kí wọ́n tó rán an tán. Wọ́n á fi okùn fà á lókè ọkọ̀, wọ́n á rán an pa láàárín, ẹni tó lọ́kọ̀ á sì wá oúnjẹ fún wọn. Lẹ́yìn náà, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á ṣe ìyókù. Ẹni tó bá ti rí ìdílé Àyàn níbi tí wọ́n ti ń fa awọ tútù bo igi ìlù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: awọ ń gbẹ, ó ń sún kì, títí á fi dún bí a bá fi ìka kàn án. Wọ́n á fi ọ̀rá kun ojú ìrán. Àmọ́ awọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọkọ̀ bá wà lómi fún ọjọ́ mélòó kan láìgbẹ, awọ á mu omi, á rọ̀, ojú ìrán á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ sórí òkúta gíga lẹ́yìn ọdẹ kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ, kí ajá má sì rí i jẹ. Láàárín ọdún kan sí méjì, awọ á tún di pípààrọ̀. Ọkọ̀ tí kò sí obìnrin tó ń rán an kò lè pẹ́ lómi.

Ọ̀rọ̀ awọ tó ń mu omi yìí wúlò fún títú àdììtú kan. Ní ìparí àwọn ọdún 1600, àwọn ará erékùṣù Orkney, ní àríwá Skọ́tlándì, rí àwọn ọkùnrin kéékèèké nínú ọkọ̀ tóóró tó ń sáré lójú omi. Wọ́n pè wọ́n ní Finnmen, James Wallace sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé kan tó jáde ní 1693. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, ọkùnrin kan nínú kayak gúnlẹ̀ nítòsí Aberdeen. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà ní yunifásítì Aberdeen títí dòní. Ó wu àwọn kan láti gbà pé ó wà á láti Greenland dé ibẹ̀. Awọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò náà á gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ láìrí ilẹ̀ tí yóò fi gbẹ ọkọ̀. Ohun tó ṣeé gbàgbọ́ jù ni pé ọkọ̀ òyìnbó tó ń pa àbùùbùtán ló jí i gbé, tó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí tí wọ́n jù ú sílẹ̀, nígbà tí wọ́n súnmọ́ ilé.

Jíjí èèyàn gbé kì í sì í ṣe àròsọ. Ní 1576, Martin Frobisher, ọ̀gá atukọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi agogo tan ọkùnrin Inuit kan súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní apá ibi tí a ń pè ní Baffin lónìí. Bí ó ti nawọ́ láti gbà á ni wọ́n fà á sókè tọkọ̀tọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé London tó kú. Lọ́dún kejì, wọ́n kó mẹ́ta wá sí Bristol: ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kalicho, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arnaq, àti ọmọ ọwọ́. Ní oṣù kẹwàá 1577, Kalicho wa kayak rẹ̀ lórí odò Avon níwájú àwọn ará ìlú, ó fi ọ̀kọ̀ pa pẹ́pẹ́yẹ kí ojú wọn lè gbádùn. Ó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Obìnrin náà tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn wọn.

Ọba Christian Kẹrin ti Dẹ́nmárkì náà rán ọkọ̀ lọ sí Greenland ní 1605, James Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mọ ọ̀nà fún wọn. Wọ́n kó èèyàn pẹ̀lú kayak wọn bọ̀ ní Copenhagen, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á fún ìran wíwò. Àwọn kan nínú wọn gbé ọkọ̀ wọn, wọ́n dorí kọ òkun, wọ́n ń lọ ilé. Wọ́n rí àwọn kan mú padà. Àwọn tó jí wọn gbé lè ti gbàgbé. Àwọn ará ilé wọn kò gbàgbé. Nígbà tí Hall padà sí Greenland ní 1612, ọkùnrin kan dá a mọ̀, ó sì gún un lọ́kọ̀. Hall kú.

Lápá kejì àgbáyé, ní àwọn erékùṣù Aleutian láàárín Alaska àti Rọ́síà, ìyà tó jẹ àwọn Unangan tún ju èyí lọ, ọkọ̀ wọn gan-an ló sì fà á. Iqyax̂ ni wọ́n ń pe tiwọn. Àwọn ará Rọ́síà pè é ní baidarka. Orí rẹ̀ là sí méjì, ìsàlẹ̀ ń gé omi, òkè ń gbé ọkọ̀ sókè. Wọ́n a sì máa fi egungun ẹran tín-ín-rín sí ojú oríkèé igi kan kí ó lè máa yẹ̀ láìya. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn Vitus Bering, ọ̀gá atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Rọ́síà, ti débẹ̀ ní 1741, tí wọ́n sì kó awọ sea otter, ẹran omi onírun múlọ́múlọ́, padà sílé, àwọn oníṣòwò Rọ́síà ya dé bí eéṣú. Wọn kò mọ̀ ọ́n pa. Unangan mọ̀ ọ́n pa, nínú iqyax̂. Wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ àwọn ọkùnrin ṣe ìdógò, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin máa lọ sódẹ. Ibi tí àwọn ọdẹ wọ̀nyí, àti àwọn Alutiiq tí wọ́n tún kó mọ́ wọn, wa ọkọ̀ aláwọ dé kì í ṣe kékeré: wọ́n dé California, níbi tí àwọn ará Rọ́síà tẹ Fort Ross dó ní 1812. Ìgbà yẹn náà ni ọkọ̀ oníhò mẹ́ta gbajúmọ̀, kí ọ̀gá tàbí àlùfáà ará Rọ́síà lè jókòó láàárín bí ẹrù, kí ọmọ onílẹ̀ méjì máa wà á. Àìsàn, ebi àti ìbọn pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Unangan kí Rọ́síà tó ta Alaska fún Amẹ́ríkà ní 1867.

Ní Greenland, Hans Egede, àlùfáà láti Nọ́wè, ti gúnlẹ̀ ní 1721, Dẹ́nmárkì sì gba ilẹ̀ náà mọ́wọ́. Ọdẹ seal kò dáwọ́ dúró, nítorí àwọn Danish fẹ́ ọ̀rá àti awọ. Ọkọ̀ yìí kò sì ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń wà á. Ọdẹ a máa wọ tuilik, ẹ̀wù awọ tí wọ́n so mọ́ òrùka ihò ìjókòó yíká, tó fi jẹ́ pé òun àti ọkọ̀ ti di ohun kan. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kò ní jáde. Àjẹ̀ ni yóò fi gbé ara rẹ̀ padà, tàbí igi tó fi ń ju ọ̀kọ̀, tàbí ọwọ́ lásán. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta láti yí padà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, ìjì nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n. Àìsàn kan wà tó jẹ́ ti ojú ọjọ́ dídára: omi rọ̀ wọ̀ọ̀, ó ń dán bí dígí, oòrùn wà lókè, ọdẹ jókòó jẹ́ẹ́ ń dúró de seal. Lójijì, kò mọ òkè mọ ilẹ̀ mọ́. Ó ń ṣe é bíi pé ọkọ̀ ń rì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé. Ẹni tó bá bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má wọ ọkọ̀ mọ́ láé, ẹbí rẹ̀ á sì di aláìní. Alfred Bertelsen, dókítà Danish kan, kọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, torí pé kì í ṣe èèyàn díẹ̀ ló ń ṣe.

Pẹ̀lú gbogbo ewu yìí, àwọn ará Yúróòpù ń kọ́ qajaq wíwà. Fridtjof Nansen, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn já Greenland ní 1888, lo ìgbà òtútù ọdún náà lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ ní Nuuk, ó sì kọ́ kayak wíwà. Edi Hans Pawlata, ọmọ Ọ́stríà, ka ìwé nípa bí àwọn ọdẹ ṣe ń wà á, ó sì kọ́ ara rẹ̀ ní yíyí padà ní 1927. Gino Watkins, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ìlà-oòrùn, ó mọ̀ ọ́n gan-an. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1932, ó dá lọ pa seal, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí tó léfòó. Ọmọ ọdún 25 ni.

Ohun tó wá fẹ́ pa qajaq gan-an kì í ṣe òkun. Ní àwọn ọdún 1910 sí 1930, omi ìwọ̀-oòrùn Greenland móoru díẹ̀. Seal dín kù, ẹja cod pọ̀ jáburata. Ọkọ̀ onípákó àti ẹ́ńjìnnì ló yẹ ẹja cod. Ọkùnrin tó ń ta ẹja ní owó lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní láti jókòó fá awọ. Nígbà tí Tété-Michel Kpomassie, ọmọ ilẹ̀ Togo tó ka ìwé kan nípa Greenland ní èwe rẹ̀, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn kó lè débẹ̀, gúnlẹ̀ ní gúúsù ní 1965, ìlú apẹja ló bá. Kò rí ohun tó bá wá; ó ní láti forí lé àríwá, títí dé Upernavik, kó tó bá àwọn ọdẹ gbé.

Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń sọnù, àwọn Inughuit ti Avanersuaq, ní òkè pátápátá Greenland, lè sọ ọ́. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1800, àjàkálẹ̀ àrùn kan pa àwọn àgbà wọn. Wọ́n ní òkun, wọ́n ní awọ, wọ́n rántí pé nǹkan kan wà tí ń jẹ́ qajaq. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kàn ti kú. Wọ́n wá ń jókòó sí etí yìnyín, wọ́n ń wo ẹran tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ níbi tí ọwọ́ wọn kò dé. Láàárín 1850 sí 1865, adáhunṣe kan tí wọ́n ń pè ní Qitdlarssuaq kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Baffin, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lórí yìnyín, wọ́n sì já sí ọ̀dọ̀ àwọn Inughuit. Àwọn àlejò wọ̀nyí ló tún kọ́ wọn ní qajaq àti ọrun àti ọfà. Ọ̀kan nínú wọn, Merqusaq, tó jẹ́ ọmọdé nígbà ìrìn náà, ló sọ ìtàn yìí fún Knud Rasmussen, arìnrìn-àjò olùṣèwádìí, nígbà tí Merqusaq darúgbó.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ohun tó jọ ọ́ fẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1979, Greenland gba ìjọba ara-ẹni, àwọn ọ̀dọ́ sì ń béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nuuk ṣe àfihàn àwọn qajaq àtijọ́ tí wọ́n yá láti ilẹ̀ Dutch, irú èyí tí àwọn apàbùùbùtán kó lọ ní ayé ijọ́un. Àwọn ọ̀dọ́ dúró tì í, wọ́n wò ó. Ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí bàbá wọn ń lò lọ. Àwọn tó kó o lọ kò ṣe é nítorí wọn, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí i bí ọwọ́ baba ńlá wọn ṣe rí. Wọ́n wá àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n rí, irú Manasse Mathaeussen tó mọ yíyí padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. H. C. Petersen, olùkọ́ tó ti lọ káàkiri gba ẹnu àwọn ọdẹ, ti kọ ìwé bí a ṣe ń kàn án. Ní 1985, wọ́n dá ẹgbẹ́ Qaannat Kattuffiat sílẹ̀, ìdíje ọdọọdún sì bẹ̀rẹ̀. Níbi ìdíje náà, wọ́n ń yí padà pẹ̀lú bíríkì lọ́wọ́, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, pẹ̀lú apá méjèèjì tí wọ́n ká mọ́ àyà. Maligiaq Padilla gba ipò kìíní ní 1998, ọmọ ọdún 16 ni.

Ohun kan burú nínú àkókò yẹn: ní 1983, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Yúróòpù fòfin de awọ ọmọ seal, ọjà gbogbo awọ seal sì dojú dé, títí kan ti àwọn tí kì í pa ọmọ ẹran. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 1972. Nítorí náà, ní ilé-ìkọ́ṣẹ́ Amẹ́ríkà, awọ seal kò tilẹ̀ ṣeé mú wọlé. Náílọ́nù líle ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi omi rẹ ẹ́, wọ́n á fà á, wọ́n á fi òwú tí wọ́n fi epo-oyin kùn rán an pa lókè, wọ́n á kun ún pẹ̀lú ọ̀dà polyurethane. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tí kò gbá ìṣó rí á gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sí omi. Àwọn kan ń kùn pé kì í ṣe qajaq mọ́. Èmi kò bá wọn kùn. Àwọn Kalaallit fúnra wọn ti ń fi aṣọ kánfáàsì bo ọkọ̀ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìdíje ń ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìrán tí a fò dá: ilé-ìkọ́ṣẹ́ pọ̀ tó ń fi ọjọ́ gbọọrọ kọ́ èèyàn ní egungun, tó sì ń fi ọ̀sán kan kọ́ wọn ní ìbora. Awọ gidi kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ní Avanersuaq, níbi tí iṣẹ́ náà ti kú tó sì tún jí, ó ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Narwhal, ẹbí àbùùbùtán tí eyín rẹ̀ gùn yọ síwájú bí ìwo, ni wọ́n ń pa, òfin ibẹ̀ sì ni pé inú qajaq ni ọdẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ olókùn gún un kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn. Okùn ọ̀kọ̀ náà so mọ́ avataq, awọ seal odindi tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹran rì. Narwhal tí wọ́n yìnbọn pa láìgún a máa rì, ó di òfò. Ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń gbé qajaq dé àgbègbè ọdẹ, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sọ qajaq sómi, torí pé etí ẹran náà mú gan-an.